Bí Gẹ̀ẹ́sì àti Èdè Súwídìn Ṣe Ń Sọ Pé Nǹkan Pani Lára

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọdún 1974, tó ń ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ èdè ní Súwídìn, bá wa sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́. A tẹ̀ ẹ́ jáde bí ó ti sọ ọ́.)

Mo rí i pé irun ti funfun lórí ọ̀pọ̀ nínú wa, ti àwọn mìíràn sì ti kó ẹrù rẹ̀ lọ pátápátá. A dúpẹ́ pé orí náà ṣì wà lọ́rùn.

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀, ó ní kí n sọ nípa iṣẹ́ mi. Mo ní iṣẹ́ wo? Ìwé ni mo ń túmọ̀ láti èdè Súwídìn sí Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ìwé oògùn, ìwé pélébé tí wọ́n ń ká sínú páálí, tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Ó ní kò burú, kí n ṣáà má jẹ́ kó gùn. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo mú wá: báwo ni èdè méjèèjì yìí ṣe ń sọ ọ́ bí nǹkan bá ṣe ìpalára fúnni? Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ eré ni o. Díẹ̀ ló kù kó gba ìyá mi lọ́wọ́ mi. Mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì kẹta. Ọ̀gá tó kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì jókòó síwájú mi níbí yìí, n kò ní dárúkọ wọn, gbogbo yín lẹ mọ̀ wọ́n. Wọ́n kọ gbólóhùn méjì sójú pátákó, "affect" wà nínú ọ̀kan, "effect" wà nínú èkejì, wọ́n ní ẹni tó bá gbé ọ̀kan sí ipò èkejì yóò jẹ ẹgba mẹ́fà. Mo jẹ mẹ́fà. Ẹni tó jókòó tì mí jẹ méjìlá, nítorí ó ṣì í lẹ́ẹ̀mejì. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ kọ "affect", àtẹ́lẹwọ́ mi a máa yún mi. Ohun tí ọ̀gá wa kò sọ fún wa lọ́jọ́ náà, bóyá nítorí aago ti lù, ni pé kò sí ibi kankan nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Inú èdè Látìn ni wọ́n ti wá, ìtumọ̀ wọn níbẹ̀rẹ̀ kò sì ju "ṣe" lọ: ohun kan ṣe nǹkan sí òmíràn, ohun kan sì ti ibẹ̀ jáde. Rere ni o, búburú ni o, ọ̀rọ̀ náà kò sọ. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ sọ pé búburú ni, àfi kó wá ọ̀rọ̀ mìíràn fi ṣíwájú rẹ̀: "adverse", "harmful", "ill", "negative".

Lóde òní, àwọn tí ẹ̀rù "affect" àti "effect" ń bà ti sá lọ sọ́dọ̀ "impact". Gbogbo nǹkan ló ti di "impact": òjò ní "impact" lórí àgbàdo, owó epo ní "impact" lórí ọjà. Ìkọlù sì ni ọ̀rọ̀ náà, bí ìgbà tí mọ́tò méjì forí gbárí. Mo mọ̀ pé ọ̀gá wa kò fẹ́ràn rẹ̀. Mo rí wọn láàárọ̀ yìí tí wọ́n ń fi bíírò ṣe àtúnṣe sí ìwé ètò ìpàdé wa. Àwọn ará Súwídìn ní orúkọ fún irú èyí, "yrkesskadad", ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti pa lára. Wọ́n máa ń fi ṣàwàdà nípa tíṣà tó ń wá àṣìṣe kiri lórí páálí bísíkíìtì. Ẹ má bínú sí mi, sà. Èmi náà ti di bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ kékeré kan, "cause". Nínú ìwé atúmọ̀ èdè, kò sí ibi nínú tòun náà: ohun tó mú kí nǹkan ṣẹlẹ̀ ni, ó parí. Ṣùgbọ́n ní 1995, onímọ̀ èdè kan tó ń jẹ́ Michael Stubbs tẹ ìwádìí kan jáde. Ó fi kọ̀ǹpútà yẹ àkójọ Gẹ̀ẹ́sì tó pọ̀ rẹpẹtẹ wò, ó ń wo àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń bá "cause" rìn. Kí ló rí? Wàhálà, ìbàjẹ́, ikú, àrùn, ìdààmú. Ohun rere kì í fi bẹ́ẹ̀ sún mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, àmọ́ tó jẹ́ àwọn ìpáǹle ló ń bá kiri. Kò ní pẹ́ tí gbogbo àdúgbò yóò fi máa wo òun náà ní ìwòkuwò. Bí ẹnì kan bá sọ pé "his visit caused joy", Gẹ̀ẹ́sì ni, kò ṣì í, ṣùgbọ́n kò ní dùn létí onígẹ̀ẹ́sì. Ẹ má wò jìnnà, ẹ wo "fà" tiwa. Ó fa ìjà, ó fa àìsàn, ó fa ikú. Ta ló ń sọ pé ó fa ayọ̀? Ayọ̀, a máa ń sọ pé ó mú un wá ni.

Èdè Súwídìn ní "orsaka" tó bá "cause" dọ́gba, ó sì tún ní òmíràn tó le jù ú lọ, "vålla". Èyí kò fi ibi pamọ́ rárá. Ẹni tó bá "vålla" nǹkan, wàhálà tàbí ìpalára ló dá sílẹ̀. Ó wà nínú ìwé òfin wọn: ẹni tí àìbìkítà rẹ̀ bá pa ènìyàn, "vållande till annans död" ni orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀, mo kọ "causing another's death", mo sì fi ránṣẹ́. Agbẹjọ́rò tó ni iṣẹ́ dá a padà. Ó ní àìbìkítà dà? Mo ní inú "vålla" ló wà. Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ará Lọ́ńdọ̀nù tó máa kà á kò mọ "vålla", ohun tó máa rí ni pé ẹnì kan pa ẹnì kan. Mo ní láti kọ "by negligence" sí i. Ẹ rí i báyìí, ọ̀rọ̀ tí èdè kan gbé mì, èdè kejì ní láti pọ̀ ọ́ síta.

Wọ́n tún ní "tack vare", ìyẹn ni "ọpẹ́lọpẹ́", tí àwọn olùkọ́ wọn máa ń tẹnu mọ́ ọn pé ohun rere ni kí á máa fi sọ. Bí nǹkan bá bàjẹ́, "på grund av" ni kí á lò. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ kì í tijú. Òyìnbó á wò ọ́ lójú, á ní "thanks to you we missed the train". Ọpẹ́ tó ń ta bí ata!

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù ni "påverka". Bí ẹ bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ẹ ó rí i pé òun ni "affect". Èmi náà rí i, mo sì gbà á gbọ́. Ní 1987, tí mo ti lo ọdún mẹ́ta péré níbẹ̀, wọ́n fi tẹlifóònù pè mí lóru pé bàbá mi ti kú. N kò sùn mọ́. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ láago mẹ́jọ àárọ̀, ojú mi pọ́n, ohùn mi há, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá mi béèrè pé kí ló ṣe mí. Mo rántí ẹ̀kọ́ ilé ìwé wa, mo to gbólóhùn mi dáadáa nínú kí n tó sọ ọ́ síta, mo ní: "Jag är mycket påverkad." Mo fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára dé egungun. Obìnrin náà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ó ní kí n máa lọ sílé, pé a ó sọ̀rọ̀ bí ojú mi bá ti dá.

Mo rò pé àánú mi ló ṣe é. Ó di ọjọ́ kẹta kí ẹnì kan tó là mí lóye. Bí ará Súwídìn bá gbọ́ pé ẹnì kan jẹ́ "påverkad", tí ẹni náà kò sì sọ ohun tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, ọtí ni wọ́n gbọ́, tàbí oògùn olóró. Ìyẹn ni pé mo dúró níwájú ọ̀gá mi láago mẹ́jọ àárọ̀, mo fi ẹnu ara mi jẹ́wọ́ pé mo ti mutí yó kẹ́ri. Lọ́jọ́ tí bàbá mi kú! Mo padà lọ ṣàlàyé. Obìnrin náà sunkún ju èmi gan-an lọ. Ó ní ohun tó yẹ kí n sọ ni "det har tagit hårt på mig", pé ó ti mú mi le. N kò gbàgbé rẹ̀ mọ́ láé.

Lẹ́yìn ìyẹn mo jókòó ti ẹbí ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Gbòǹgbò kan, "verk", tó jẹ́ ìbátan "work" Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi hun gbogbo rẹ̀. "Verkan" ni ohun tí nǹkan ṣe. Bí ó bá ṣe é láti ẹ̀gbẹ́, "biverkning". Bí ó bá kù sẹ́yìn lẹ́yìn tí nǹkan ti parí, "efterverkning". Bí ó bá ta padà wá, "återverkning". Bí a bá fi nǹkan dènà rẹ̀, "motverka". Ọmọ tí kò tíì jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi òye orí mọ gbogbo wọn. Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? "Side effect", "repercussion", "counteract", "influence": wọn kò jọ ara wọn, bí ọmọ tí a kó jọ láti ojúlé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun kan sì wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. "Värk" ni ìrora, bí orí fífọ́ tàbí eyín dídùn, bí wọ́n sì ṣe ń pè é gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń pe "verk". Létí àlejò, iṣẹ́ àti ìrora kò yàtọ̀. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìfọ̀fún nígbà òtútù yóò gbà pé wọn kò purọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn pẹ̀lú wa yóò rántí àwọn Viking, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi lọ ja ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lólè ní ohun tó lé ní 1,000 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n kó fàdákà lọ, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. "Ill" jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, òun náà ló wà nínú "ill effects". Ní Súwídìn lónìí, bí ẹnì kan bá ní "jag mår illa", èébì ló ń gbé e. Ẹ tètè wá báágì. "Scathe" tó fara pamọ́ sínú "unscathed" jẹ́ òmíràn, ẹbí kan náà ni pẹ̀lú "skada" àwọn ará Súwídìn.

"Skada" yìí gbòòrò bí aṣọ ìbora. Gẹ̀ẹ́sì máa ń pín in: mọ́tò ni "damage" ń ṣẹlẹ̀ sí, ènìyàn ló ń ní "injury", "harm" sì wà fún gbogbo nǹkan, títí kan orúkọ rere. Lójú ará Súwídìn, "skada" ni gbogbo rẹ̀. Nígbà kan mo gba ìwé kan nípa ìjàǹbá bọ́ọ̀sì, ó ní "stora skador", ìpalára ńlá. Bọ́ọ̀sì ni, tàbí èrò inú rẹ̀? Ìwé náà kò sọ. Mo tẹ ẹni tó kọ ọ́ láago. Ó ní, "Bọ́ọ̀sì ni, kí lo rò?" Mo mí kanlẹ̀. Bí mo bá ti fi "serious injuries" ránṣẹ́, ẹbí ẹnì kan ìbá ti bọ́ sójú ọ̀nà. Inú "skada" yìí náà ni "skadeglädje" ti jáde, ayọ̀ tí ń bá ènìyàn nígbà tí nǹkan bá burú fún ẹlòmíràn. Gẹ̀ẹ́sì kò rí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún un, ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì ló ti lọ yá a. Mi ò gbà pé wọn kì í ṣe é ṣáá o.

Ẹ jẹ́ kí n sáré kọjá "gift". Lédè Súwídìn, "gift" ni májèlé, "gift" náà sì ni ẹni tó ti ṣe ìgbéyàwó. Kò sí àbùlà níbẹ̀. Orí fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tí mo kọ níbẹ̀ ni wọ́n ti bi mí bóyá mo jẹ́ "gift". Àwọn onímọ̀ ní inú "fífúnni" ni méjèèjì ti wá: ìyàwó ni a fún ọkọ, oògùn ni a wọ̀n tí a fún aláìsàn, títí ọ̀rọ̀ oògùn náà fi di májèlé. Ìyàwó mi jókòó sọ́wọ́ ẹ̀yìn yẹn, n kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n tún ní "o" kékeré kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú ọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn "kì í ṣe" ló túmọ̀ sí, bíi "un" Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ó ń ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ni. "Gräs" ni koríko, "ogräs" ni èpò. "Ljud" ni ìró, "oljud" ni ariwo tí ń dáni lágara. "Lycka" ni oríire, "olycka" ni ìjàǹbá. Ó yà mí lẹ́nu títí mo fi rántí pé àwa náà mú "sàn", a fi "àì" ṣíwájú rẹ̀, ó sì di "àìsàn". Kì í ṣe pé ara kò sàn lásán mọ́, ó ti di ohun tó ń gbéni dè.

Mo fẹ́ kí á fara balẹ̀ síbi tó kàn yìí. "Side effect", "biverkning": èdè méjèèjì gbà pé nǹkan náà wà ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kì í ṣe ibi. Ohun tí oògùn ṣe ní ẹ̀gbẹ́ lè dára. Aspirin tí a ń lò fún orí fífọ́ tún ń mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dì, wọ́n sì ti ń fún àwọn tí ọkàn wọn kò le dáadáa nítorí ìyẹn. Oògùn kan wà tí wọ́n ń dán wò fún àyà dídùn, àwọn ọkùnrin tó lò ó wá sọ nǹkan mìíràn fún dókítà. Láti 1998 ni wọ́n ti ń tà á pẹ̀lú orúkọ Viagra. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ má dá ara yín lóhùn. Nítorí èyí ni àwọn oníṣègùn fi máa ń lo "adverse reaction" ní Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ibi ni pọ́ńbélé.

Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ "ẹ̀gbẹ́" kéré jù. Láti 1957 ni wọ́n ti ń ta oògùn oorun kan ní Ìwọ̀-oòrùn Jámánì, thalidomide. Wọ́n tà á ní Súwídìn láti 1959 títí di 1961, Neurosedyn ni wọ́n pè é níbẹ̀. Àwọn aboyún lò ó. Wọ́n ní kò léwu. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí kò ní apá, tàbí kò ní ẹsẹ̀, tàbí ọwọ́ wọn hù láti èjìká. Káàkiri ayé, wọ́n lé ní 10,000. Èwo ni ẹ̀gbẹ́ níbẹ̀? Ẹ wá wo ohun tí èdè méjèèjì ṣe. Gẹ̀ẹ́sì pe àwọn ọmọ náà ní "thalidomide children", ó fi orúkọ oògùn pè wọ́n, ó dákẹ́ lórí ohun tó ṣe wọ́n. Èdè Súwídìn pè wọ́n ní "neurosedynskadade", àwọn tí Neurosedyn pa lára. Ẹni tó jẹ̀bi wà nínú orúkọ, ohun tó ṣe náà wà nínú orúkọ. Mo ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà, Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi rọ́pò rẹ̀ kò sì tíì tẹ́ mi lọ́rùn rí.

Láti inú ọ̀rọ̀ náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1968, pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa fi ìròyìn ránṣẹ́ bí oògùn bá ṣe aláìsàn ní ìṣekúṣe. Láti 1978, ìlú Uppsala, níbi tí mo ń gbé, ni ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó àkójọ ìròyìn náà wà. Nàìjíríà wọ inú ètò náà ní 2004. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì kan níhìn-ín bá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé oògùn kan mú kí ara aláìsàn rẹ̀ lé, ìròyìn yẹn lè rin ìrìn àjò dé àdúgbò mi.

Ó wá ku ti ìyá mi.

Ní 2008, Màmá wá kí wa, wọ́n wá rí ọmọ tí ọmọ mi obìnrin bí. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti pẹ́, oògùn tí wọ́n gbé wá láti ilé sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Dókítà kan yẹ̀ wọ́n wò, ó fún wọn ní ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí orúkọ wọn ń parí sí "pril". Màmá ní kí n ka ìwé inú páálí náà fún wọn. Inú mi dùn. Iṣẹ́ mi nìyẹn, àbí? Mo wọ awò ojú mi. Mo dé ibi "biverkningar". Mo ti kọ "side effects" dípò rẹ̀ tó ìgbà ẹgbẹ̀rún, ṣùgbọ́n n kò tíì sọ ọ́ ní Yorùbá rí fún ẹni tó bí mi. Mo ronú díẹ̀, mo ní: "Màmá, ìwọ̀nyí ni ibi tí oògùn yìí ń ṣe nínú ara." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: ikọ́, òòyì, orí fífọ́, ara wíwú, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ "mycket vanliga" sí, mo ní ó wọ́pọ̀ gan-an. Ibi tí wọ́n kọ "sällsynta" sí, mo ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Màmá ń mi orí. Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo dé látibi iṣẹ́, mo bá wọn lórí ìjókòó, wọ́n di orí mú, wọ́n ní àwọn kò ríran dáadáa. Ọkọ̀ aláìsàn gbé wa lọ. Ìfúnpá wọn ti gòkè dé 220 lórí 120. Dókítà ní díẹ̀ ló kù kó di rọpárọsẹ̀. Ó bi mí bóyá wọ́n ń lo oògùn wọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ojú mi ni wọ́n ń ṣe é gbé sẹ́nu láràárọ̀. Màmá kò sọ̀rọ̀. Wọ́n na ọwọ́ sí etí ìró wọn, wọ́n tú kókó kan níbẹ̀. Mo kà á. Oògùn 19.

Wọ́n ní, "Ìwọ lo sọ pé ibi ló ń ṣe. Ṣé kí n máa gbé ibi mì nítorí pé ó wà nínú páálí?"

Mo jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wá ibi tí mo ti ṣì í. Àkọ́kọ́, mo ti yọ ẹ̀gbẹ́ kúrò nínú "biverkning", ibi nìkan ni mo fi sílẹ̀. N kò tilẹ̀ sọ ohun tí oògùn náà wà fún. Èkejì ló burú jù. "Sällsynta", "rare", kì í ṣe "lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan". Ohun tí mo sọ fún Màmá ni pé nǹkan wọ̀nyí yóò máa ṣẹlẹ̀ sí wọn, ní ara wọn, bí ó ti wù kó pẹ́ tó. Ohun tí ìwé náà wí ni pé nínú ènìyàn 1,000 tó bá lo oògùn náà, ó pọ̀ jù kí ó mú ẹnì kan. "Vanliga", "common", ẹnì kan nínú 10 ló pọ̀ jù níbẹ̀. "Mycket vanliga" nìkan ló ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà ló wà lẹ́yìn àwọn ọ̀rọ̀ yẹn, àdéhùn sì ni nọ́ńbà náà jẹ́ ní gbogbo Yúróòpù, àmọ́ ta ló mọ̀ ọ́n nínú àwọn tó ń kà á? Àwọn tó ṣe ìwádìí ní Ìlú Ọba rí i pé àwọn òyìnbó gan-an, tó gbọ́ "common" láti inú oyún, máa ń rò pé ó pọ̀ ju ohun tí ìwé ní lọ́kàn lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Àwọn oníṣègùn tilẹ̀ ní orúkọ, "nocebo", Látìn ni, "n ó pa ọ́ lára" ni ìtumọ̀ rẹ̀, fún ìgbà tí ó jẹ́ pé gbígbọ́ nípa ìpalára náà ló mú ìpalára wá.

Nígbà tí a dé ilé, mo da ẹ̀wà sórí tíréè níwájú Màmá. Mo ka 10, mo fa ẹyọ kan sẹ́yìn. Mo ní, "Èyí ni ó wọ́pọ̀." Mo wá gbé àpò ẹ̀wà náà lódindi sílẹ̀, mo mú ẹyọ kan, mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Mo ní èyí ni ó ṣọ̀wọ́n. Wọ́n wò ó, wọ́n wo àpò náà. Wọ́n ní, "Nítorí ẹyọ kan yìí ni o fi fẹ́ kí n kú?" Wọ́n béèrè ikọ́. Mo ní ikọ́ wà, ó wọ́pọ̀ gan-an pẹ̀lú irú oògùn yẹn, ikọ́ gbígbẹ ni, bí ó bá sì ń dà wọ́n láàmú dókítà yóò pààrọ̀ oògùn náà. Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo dán "àkóbá" wò. Màmá ní rárá, àkóbá ni pé ẹlòmíràn ṣẹ̀, wọ́n wá mú ọ. Wọ́n ronú. Wọ́n ní, "Bí mọ́tò bá gbé ènìyàn dé Ìbàdàn láyọ̀, tí eruku wá bo aṣọ rẹ̀ ńkọ́? Eruku ọ̀nà lò ń wí." Wọ́n gbé oògùn wọn mì.

Wọ́n kọ́, ó sì dà wọ́n láàmú, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún wọn. Èyí tí wọ́n fún wọn lẹ́yìn náà ń wú wọn lọ́rùn ẹsẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n padà sílé, wọ́n lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní àdúgbò wọn, ọmọkùnrin tó ń tà á sì sọ fún wọn pé òun ní òmíràn tó dára jù ú lọ, tí kì í wú ẹsẹ̀. Màmá bi í pé kí ni eruku ọ̀nà tirẹ̀. Ọmọ náà ní kí ni ìyẹn? Wọ́n ní, "Ó dára, nínú ènìyàn mẹ́wàá, mélòó ló ń ṣe nǹkan fún?" Ọmọkùnrin náà ní òun kò mọ̀. Wọ́n ní kó bá àwọn fi tirẹ̀ pamọ́ títí yóò fi mọ̀, wọ́n sì san owó èyí tí wọ́n bá wá.

Alága, mo rí i tí ẹ ń wo aago. Mo gbóòórùn ọbẹ̀.